Ìyá Ọkọ Tí Kò Sí Nínú Eré Sípéènì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Òsì níbí, tí ẹ ń bi mí bóyá èèyàn lè fi eré ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Èmi Abígẹ́lì tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyàwó Balógun, láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ṣeré, títí orúnkún mi fi ní ó tó. Mo ti jẹ́ ìyàwó tí ọkọ fẹ́ pa. Mo ti jẹ́ ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò tó ń lé àfẹ́sọ́nà tó já a jù sílẹ̀ kiri. Mo ti jẹ́ àjẹ́, mo ti jẹ́ ìyá ọkọ tó ń fi májèlé sínú àsáró. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ṣe é re. Ẹni tó bá ní mi ò ṣe é re, kó wá dúró níwájú mi kó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó bá mi rin gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni màá kọ́kọ́ sọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, alàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà sì ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa ṣeré, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Abígẹ́lì, o fẹ́ dúró níwájú èrò kí o máa ṣe ìyàwó onílé, ìyàwó olóko? Ilé wo ló máa gbà ọ́? Ìyá ọmọ wo ló máa fẹ́ kí o máa pe òun ní ìyá?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ eléré kò gùn. Tíṣà kan ti òkè òkun dé, wọ́n gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa. Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń wá obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ó gbọ́ ohùn mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó pè mí. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Sípéènì ni Ọ̀gá Tíṣà ti kàwé. Eré àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ ló kó wálé, eré tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí bàbá ńlá àwọn bàbá wa. Ó yí wọn sí Yorùbá, ó sọ àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ di Balógun àti Ọ̀tún. Eré iyì ọkọ pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ á gbọ́ pé ọkùnrin kan ń wo ìyàwó òun. Ìyàwó ò ṣe nǹkan kan o, wọ́n kàn wò ó ni. Ọkọ á ní iyì òun ti bàjẹ́, á sì pa á kí ayé má baà gbọ́.

Mo bi Ọ̀gá pé, "Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bi ìyàwó léèrè?"

Ó ní, "Tó bá bi í, eré ti parí nìyẹn."

Nǹkan kan wà tí Ọ̀gá fi ń yangàn nípa àwọn ará Sípéènì. Ó ní nígbà tí àwọn ìlú òyìnbó mìíràn ń wọ síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọkùnrin kó lè ṣe obìnrin, obìnrin gan-an ló ń ṣe obìnrin ní Sípéènì. Mo sáré gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá bàbá mi. Bàbá mi lọ bá Ọ̀gá láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gá kì í purọ́, ó wá sọ èyí tó kù fún un: obìnrin tó bá fẹ́ ṣeré níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nílé ọkọ, kí ọkọ rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ sì máa bá ẹgbẹ́ kiri.

Bàbá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀hẹ́n! Àwọn òyìnbó yẹn lọ́gbọ́n. Abígẹ́lì, lọ fẹ́ ọkọ ná."

Bí Sípéènì ṣe fún mi lọ́kọ nìyẹn. Ọládélé, akọ̀wé ní káńsù Ìlọ́fà, ti ń wá sílé wa tipẹ́. Ọmọ Òsì ni, onígbàgbọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé tó bá fẹ́ mi, ó fẹ́ eré mọ́ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Tí wọ́n bá ṣáà ti fi mí jókòó níwájú." Mo fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Yèyé, mú mi wọlé, ó da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní láti òní lọ, ọmọ òun ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mo ń ṣeré. Akọrin ìjọ ló mọ̀ mí sí.

Ẹ má rò pé eré ni Ọ̀gá Tíṣà ń fi eré ṣe. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò gbá gbọ̀ngán. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yóò dúró sí igun kan títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi padà wá. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò, ó ní bí mo ṣe ń rìn yẹn, àwọn ewúrẹ́ pàápàá máa mọ̀ pé obìnrin ni mí. Ó lé mi lọ sóko, ó ní kí n lọ máa wo bí ọkùnrin tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká ṣe ń fẹsẹ̀ lélẹ̀. Mo ń tẹ̀lé àwọn akọbè lọ lójú ọ̀nà Kòrò, mo ń gbé ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e, títí àwọn èèyàn fi lọ ń bi bàbá mi pé kí ló ń ṣe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Kíkú ló wá le jù. Ẹ̀yin rò pé ẹni tó bá fẹ́ kú lórí ìtàgé kàn máa ń ṣubú ni? Ó tì o. Orúnkún ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìbàdí á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èjìká, orí ló máa ń kẹ́yìn. Orí ẹní la ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, ó ká ẹní kúrò, ó ku sìmẹ́ńtì. Tí mo bá ti ṣubú tán, ọwọ́ mi á lọ fa ìró bo orúnkún fúnra rẹ̀, Ọ̀gá á sì jágbe mọ́ mi: "Òkú kì í fa aṣọ bo orúnkún! Dìde, lọ tún un kú!" Màá dìde, màá tún un kú. Ẹ̀fọn á máa jẹ mí, mi ò gbọdọ̀ mira. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn débi pé mo fi í sínú àdúrà, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, lọ́sàn-án gangan, la gbé eré Balógun sí gbọ̀ngán ìjọ ní Òsì. Káfíńtà kan ló ṣe Balógun, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, àmọ́ kò lè pa èèrà. Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá ti rọ omi osùn sínú àpò ọ̀rá kékeré kan, ó dì í mọ́ mi níkùn lábẹ́ aṣọ funfun, pé tí ọ̀bẹ bá kàn mí, kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọkọ mi jókòó níwájú bó ṣe fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Yèyé jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wa, wọ́n wọ aṣọ ìsìn, wọ́n rò pé eré Jésù jíǹde ni.

Eré ń lọ. Balógun gbọ́ àhesọ. Ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olówó orí mi, kí ni mo ṣe?" Omijé ń bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti irọ́. Káfíńtà gbé ohùn sókè pé, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni yóò fọ orúkọ mi!" Ó fa ọ̀bẹ yọ. Mo pajú dé, mo ń ti orúnkún lọ sílẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Yèyé. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́! Ẹ dìde!" Èdè Òsì wa ló fi sọ ọ́, èmi ni mò ń yí i sí èyí tí gbogbo yín máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí lágbo ilé wa fún ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìlọrin. Tí ọkọ bá ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ débi ọwọ́ gbígbé sókè, àwọn obìnrin ilé kì í bá a jà. Wọ́n á fa ìyàwó, wọ́n á mú un wọ yàrá ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ọkùnrin tó máa ré ẹsẹ̀ ìyá kọjá, bó ti wù kí inú rẹ̀ ru tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yanjú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé gun orí ìtàgé. Wọ́n fà mí lápá, wọ́n gbé mi kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ. Yèyé jókòó sáàárín ìtàgé, ó na ẹsẹ̀ sí Balógun, ó ní, "Ó yá, kọjá." Káfíńtà ju ọ̀bẹ nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Yèyé. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ni." Ẹ̀rín bú ní gbọ̀ngán. Ọ̀gá Tíṣà sáré jáde láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ó ń ju ìwé eré sókè: "Ẹ dá a padà! Kò tíì kú! Kò tíì kú!"

Ta ló gbọ́? Wọ́n gbé mi dé ojú títì. Inú fífà yẹn ni àpò osùn ti bẹ́. Ẹ wòye rẹ̀: obìnrin mẹ́rin gbé ìyàwó tuntun lọ́wọ́, aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n fòò. Igbe ta. "Wọ́n ti pa ìyàwó Ọládélé o!" Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ìlú dàrú. Ìròyìn dé oko bàbá mi kí n tó délé ọkọ mi. Bàbá mi sáré wá pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, òógùn bò ó, ó ń pe orúkọ mi kiri àgbàlá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ohùn náà ti há. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi sunkún rí.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Yèyé jókòó síbẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá Abígẹ́lì, ọmọ yín ń jẹ iyán nínú ilé. Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pa á lójú mi." Bàbá mi gbé àdá sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kàn ń sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò bi mí mọ́ pé ilé wo ló máa gbà mí.

Àmọ́ ilé tó gbà mí ò wá fẹ́ tú mi sílẹ̀ mọ́. Àwọn alàgbà ìjọ ní eré ti tán ní gbọ̀ngán àwọn. Yèyé ní èmi àti eré ti tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Tíṣà dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tán tó fi ní, "Abígẹ́lì, ó yẹ kí o ti kú!"

Yèyé ní kó jókòó. Ó ní, "Tíṣà, ìyá Balógun dà?"

"Kò sí i nínú eré, mà."

"Ó ti kú ni?"

"Wọn ò sọ."

"Ìyá ìyàwó ńkọ́?"

"Òun náà ò sí."

"Àwọn eré yòókù tí ẹ kó wá ńkọ́?"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí i, ó tiẹ̀ ti kọ ìwé lé e lórí nígbà tó wà lọ́hùn-ún. Ó ní bàbá pọ̀ nínú eré Sípéènì àtijọ́, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin pọ̀, ọba wà, ọmọ ọ̀dọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìyá ò wọ́pọ̀ rárá. Ó ní àwọn kan gbà pé tí ìyá bá wà nílé, ìjà á tètè parí, eré ò sì ní gùn.

Yèyé ní, "Abájọ tí wọ́n fi ń pa ara wọn." Ó nàka sí mi, ó ní, "Ó dáa. Ìyàwó mi á bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ń lọ, èmi náà ń lọ. Ẹ wá ibì kan fi mí sí."

Bí ìyá ọkọ mi ṣe di eléré nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ! Ọ̀gá wá ibì kan fi í sí. Ó fẹ́ kó wọlé lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti bà mí, kó wá bá òkú mi, kó sunkún. Yèyé ní òun ti gbọ́. A gbé eré lọ Kòrò, a gbé e lọ Ìlọ́fà, àti ìlú tí ẹ̀yin ò mọ̀. Kò síbi tí Yèyé ti pẹ́ wọlé. Kí káfíńtà tó fa ọ̀bẹ yọ tán, ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ sáàárín ìtàgé. Ọ̀gá á máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn aṣọ títa, èrò á máa pàtẹ́wọ́. Gbogbo kíkú tí mo fi ara bíbó kọ́, mi ò rí i lò lórí ìtàgé mọ́. Ọ̀gá bínú títí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé èrò ń dúró dè é, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ fún Yèyé. Yèyé ò kàwé, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Tirẹ̀ ló ń sọ.

Ọ̀gá Tíṣà fẹ̀yìn tì, ó padà sílùú rẹ̀. Yèyé sùn nínú Olúwa, mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ìyá tó bí mi. Fíìmù sì dé. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú rẹ̀ tóbi bí àpótí, wọn ò sì fẹ́ fi fíìmù inú rẹ̀ ṣòfò, torí náà o ò gbọdọ̀ ṣì í. Mo lanu, mo ju ohùn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán bí mo ṣe kọ́ ọ. Olùdarí di etí. "Ìyá, ẹ̀ ń pariwo mọ́ wa! Ojú yín nìkan ni kẹ́ ẹ lò." Ojú lọ̀rọ̀ wà, a máa ń sọ ọ́, iwájú kámẹ́rà ni mo ti rí i pé òótọ́ ni. Mo tún iṣẹ́ kọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn fíìmù, fídíò dé, o lè ṣì í, wọ́n á ní kí o tún un ṣe. Ní báyìí, fóònù ni wọ́n ń fi yà á, kí n tó bọ́ aṣọ eré, wọ́n ti ń wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Nínú eré Sípéènì, kò sí ìyá. Nínú fíìmù tiwa, ìyá kún fọ́fọ́, ìkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí irun mi ṣe ń funfun ni wọ́n ń kó ìyá ọkọ burúkú fún mi. Mo máa ń bi àwọn olùdarí kéékèèké yẹn pé, "Ṣé nílé tiyín, ẹ ò rí ìyá ọkọ tó dáa rí ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Màámi, wọn ò ní wò ó." Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní tìtorí ìyẹn ṣe é ní ìlàjì. Tí mo bá ní kí n burú, mo máa ń burú dénú eegun.

Mo wá burú jù. Mo fi májèlé sínú àsáró ìyàwó ọmọ mi nínú fíìmù kan, mo sì jókòó tì í, mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ, mo ń pè é ní ọmọ mi. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló wò ó. Ọlọ́kadà kan ní Òsì kọ̀ láti gbé mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ìyàwó ọmọ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fẹsẹ̀ rìn délé, inú mi dùn. Iṣẹ́ mi ló fi ń bú mi.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Fẹ́mi, ọmọ mi, mú Tóyìn wá láti Ìlọ́fà, ọmọ tó níwà. Ìyá Tóyìn, obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní káńsù, ní òun ò fọmọ fún mi. "Mo fi ojú mi méjèèjì rí ohun tó ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ." Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn bàbá Tóyìn gbà, wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n obìnrin náà sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ọmọ tí Tóyìn bá bí, ọwọ́ mi ò ní kàn án. Ẹ̀yin ọmọ, mo dúró tìgboyàtìgboyà lọ́jọ́ yẹn, mo dé yàrá, mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ayé ti pàtẹ́wọ́ fún mi, ilé ọmọ mi ni wọ́n wá fẹ́ tì mọ́ mi.

Tóyìn bí ọmọkùnrin. Nílẹ̀ wa, ta ló ń wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá ọkọ? Mo kó ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti òrí, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ. Ìyá Tóyìn ti dé ṣáájú mi. Ó gbé ọmọ mọ́ra, ó yíjú sógiri.

Fẹ́mi rọra sọ sí mi létí pé, "Màámi, ẹ fara balẹ̀ o, ẹ ṣe jẹ́jẹ́." Mo ní mi ò ní ṣe nǹkan kan. Mi ò wá ṣeré.

Mo ní, "Ìyá Tóyìn, gbogbo ibi tí ẹ ti rí mi tí mò ń ṣìkà, kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ẹ wo yàrá yìí yíká. Kámẹ́rà dà?"

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ojú kan náà ni."

Òótọ́ ló sọ. Ojú kan náà ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tó yá, ìyá Tóyìn ní, "Ọmọbìnrin tí ẹ fún ní májèlé yẹn, níbo ló wà?"

Mo mú fóònù mi, mo pè é. Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde sí gbangba.

"Màámi! Ṣé Tóyìn ti bímọ? Ẹ má sọ fún mi pé kò tíì bí o!" Ó ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ bákan o. Bẹ́ ẹ ṣe wẹ tèmi ni kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó bímọ, ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo ní. Ẹ kí ìyá Tóyìn fún mi."

Ìyá Tóyìn yíjú padà. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù, bí ẹni tí òkú bá sọ̀rọ̀. Tóyìn ń wò wá láti orí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà dìde, ó rìn wá bá mi, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ rọra o. Ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já."